Ìpalẹ̀mọ́ nínú kernel Linux: yíyọ àwọn function ìdáàbòbò ìrántí tí kò wúlò mọ́

Ìpalẹ̀mọ́ kernel ni iṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ kóòdù Linux ń ṣe nígbà tí wọ́n bá yọ function tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́ kúrò, tàbí tí wọ́n bá sọ méjì tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà di ẹyọ kan. Function ni ìdìpọ̀ àṣẹ tí a fún ní orúkọ, tí a lè pè nígbàkúùgbà láti ibòmíràn nínú kóòdù. Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí àwọn tó ń dáàbò bo ìrántí kọ̀ǹpútà, ìyẹn àwọn tó ń pinnu ibi tí a lè kà, ibi tí a lè kọ nǹkan sí, àti ibi tí ọpọlọ ẹ̀rọ ti lè mú àṣẹ ṣe. Linux ló wà lábẹ́ gbogbo fóònù Android, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ẹni tó dúró ní ibùdókọ̀ ní Lordship Lane, tó ń tẹ fóònù rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà "palẹ̀ mọ́" yàtọ̀ sí "gbá ilẹ̀". Ẹni tó gbálẹ̀ ń kó ìdọ̀tí. Ẹni tó palẹ̀ mọ́ ń kó ohun tí a ti lò tán kúrò: lẹ́yìn oúnjẹ, a ó palẹ̀ abọ́ mọ́, lẹ́yìn àríyá, a ó palẹ̀ àga àti ìkòkò mọ́. Abọ́ tí a jẹun tán nínú rẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí. Ó ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán ni. Ṣùgbọ́n bó bá wà nílẹ̀ síbẹ̀, ẹnìkan á fẹsẹ̀ kọ ọ́.

Kí ni kernel?

Kernel ni apá tó wà nínú pátápátá nínú ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Òun ló ń pín ìrántí fún áàpù kọ̀ọ̀kan, òun ló ń sọ ẹni tó kàn láti lo ọpọlọ ẹ̀rọ, òun náà ló ń bá kámẹ́rà, kíbọ́ọ̀dù àti íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀. Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ sí kọ Linux ní 1991 ní Helsinki, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń dá sí i láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè.

Orúkọ náà kò yẹ kó ṣòro fún ọmọ Yorùbá. Kernel ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe èkùrọ́, èyí tí a máa ń rí bí a bá fọ́ èèpo líle tó wà nínú èso ọ̀pẹ. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà sì ní shell pẹ̀lú, ìyẹn èèpo, níbi tí ènìyàn ti ń tẹ àṣẹ fún ẹ̀rọ. Èèpo wà níta, èkùrọ́ wà nínú. N kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó máa pe Linux ní èkùrọ́ ní Rye Lane, torí wọn á rò pé àdín ló fẹ́ rà. "Kernel" náà la ó máa lò níhìn-ín.

Bí áàpù kan bá bàjẹ́, a ó pa á, a ó tún un ṣí. Kernel kò rí bẹ́ẹ̀. Bí olè bá wọ kernel, kò sí fọ́tò, kò sí ọ̀rọ̀ ìwọlé, kò sí ọ̀rọ̀ báńkì tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní í tẹ̀.

Ojú-ìwé àti ìyọ̀ǹda

Kernel kì í ṣọ́ ìrántí ní báìtì kọ̀ọ̀kan. Ó pín in sí ojú-ìwé. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ojú-ìwé kan jẹ́ báìtì 4,096. Britain ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ èrò yìí di ẹ̀rọ: kọ̀ǹpútà Atlas, tí Tom Kilburn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Yunifásítì Manchester, tí wọ́n sì ṣí ní oṣù Kejìlá ọdún 1962, ti ń pín ìrántí sí ojú-ìwé. Yunifásítì London náà ní Atlas tirẹ̀ ní Gordon Square lẹ́yìn ìgbà díẹ̀.

Ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ kan tí ọpọlọ ẹ̀rọ máa ń wò kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Nínú ìlà yẹn, bíìtì kéékèèké ló ń sọ ìyọ̀ǹda. Lórí x86-64, irú ọpọlọ ẹ̀rọ tó wà nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, bíìtì 1 ló ń sọ bóyá a lè kọ nǹkan sí ojú-ìwé náà. Bíìtì 63 ni wọ́n ń pè ní NX. Bí NX bá wà ní títàn, ọpọlọ ẹ̀rọ kò ní í mú àṣẹ kankan ṣe láti ojú-ìwé náà. AMD ló mú NX wọ irú àwọn ẹ̀rọ yìí ní 2003, Intel sì tẹ̀ lé e.

Òfin tó wà nídìí rẹ̀ rọrùn: ibi tí a lè kọ nǹkan sí kò gbọdọ̀ jẹ́ ibi tí a ti lè mú àṣẹ ṣe. Bí olè bá rí àyè kọ àṣẹ tirẹ̀ síbì kan, kó má lè mú un ṣe. Níbi tí àṣẹ kernel wà, kó má lè kọ ohunkóhun lé e lórí. W^X ni wọ́n ń kọ òfin yìí ní kúkúrú. (Ẹ ṣọ́ ohùn yín níbí. Kọ, kọ́ àti kọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Kernel kọ̀ kí a kọ nǹkan sí ojú-ìwé náà: bí ẹ bá sọ ọ́ láìfi ohùn sí i, kò ní yé ẹni tó ń gbọ́.)

Ṣùgbọ́n kernel fúnra rẹ̀ nílò láti máa yí ìyọ̀ǹda padà. Bó bá fẹ́ gbé kóòdù tuntun wọlé, ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìrántí kó tó tì í. Ìdí nìyẹn tí àwọn function kan fi wà: set_memory_rw ń jẹ́ kí a lè kọ nǹkan síbẹ̀, set_memory_ro ń sọ ibẹ̀ di ibi kíkà nìkan, set_memory_x ń gbà kí àṣẹ ibẹ̀ ṣiṣẹ́, set_memory_nx kò sì gbà. Ohun méjì la máa ń sọ fún wọn, ìyẹn ibi tí ìrántí náà ti bẹ̀rẹ̀ àti iye ojú-ìwé tó kàn. Méjì nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń tì, méjì ń ṣí. Àwa tó ń pè wọ́n ní function ìdáàbòbò máa ń gbàgbé àwọn méjì tó ń ṣí yẹn.

Ọ̀pọ̀ ilé ní East Dulwich ni wọ́n kọ́ fún ìdílé kan ṣoṣo nígbà ayé Ọbabìnrin Victoria, tí wọ́n sì wá pín sí fúláàtì méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn náà. Irú ilé bẹ́ẹ̀ lè ní ilẹ̀kùn iwájú, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ti gbé kọ́bọ́ọ̀dù dí, àti ihò kékeré tí wọ́n ń da èédú gbà láyé àtijọ́. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lè lo ogún ọdún láìrántí pé ihò èédú wà. Ẹni tó fẹ́ jalè kò ní béèrè bóyá wọ́n ń lò ó. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́.

set_fs: ògiri tó lanu

Nígbà tí áàpù bá ní kí kernel kọ èsì kan sínú ìrántí, kernel gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ìrántí áàpù náà ni ibẹ̀, pé kì í ṣe ìrántí kernel. Ààlà kan wà tí ó fi ń mọ̀: ìsàlẹ̀ ààlà jẹ́ ti áàpù, òkè rẹ̀ jẹ́ ti kernel. Àyẹ̀wò yìí ni kì í jẹ́ kí áàpù kan fi ẹ̀tàn rán kernel láti ba ara rẹ̀ jẹ́.

Ṣùgbọ́n kernel náà máa ń fẹ́ lo àwọn function kan náà fún iṣẹ́ inú ilé, níbi tí ìrántí tí a fẹ́ kọ nǹkan sí ti jẹ́ ti kernel lóòótọ́. Dípò kí wọ́n kọ function mìíràn fún un, wọ́n la ọ̀nà àbùjá. set_fs(KERNEL_DS) á gbé ààlà náà kúrò, iṣẹ́ á di ṣíṣe, set_fs(USER_DS) á sì dá ààlà padà síbi tó wà. Láti ara ẹ̀yà kan nínú ọpọlọ ẹ̀rọ 386, tí Torvalds fi bẹ̀rẹ̀ Linux, ni orúkọ fs ti wá. Nígbà tó yá, Linux kò lo ẹ̀yà náà fún iṣẹ́ yìí mọ́. Orúkọ náà ò lọ. Ẹni tó bá kàn án nínú kóòdù lẹ́yìn ìgbà náà kò lè fi orúkọ rẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ó jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó léwu jù nínú kernel.

Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí nǹkan bá bàjẹ́ láàárín ṣíṣí àti títì? Nelson Elhage rí ìdáhùn ní 2010. Bí kernel bá kọsẹ̀ nígbà tí ààlà kò sí níbẹ̀, á pa ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà náà. Kó tó pa á tán, function kan tó ń jẹ́ do_exit máa ń mú kí a kọ òdo síbì kan tí ètò náà fúnra rẹ̀ ti yàn tẹ́lẹ̀. Bí ibi tó yàn bá jẹ́ ti kernel, àyẹ̀wò ààlà ló yẹ kó dá a dúró. Ààlà ọ̀hún sì nìyí, wọ́n ti gbé e kúrò, kò sí ẹni tó dá a padà. Òdo kan péré, níbi tí olè yàn nínú ìrántí kernel, ti tó fún un láti di ọ̀gá lórí gbogbo ẹ̀rọ. CVE-2010-4258 ni nọ́ńbà tí wọ́n fún àléébù yìí.

Ẹni tó bá fẹ́ lò ó ṣì nílò ibì kan tí kernel ti lè kọsẹ̀ lásìkò tí ààlà ṣí sílẹ̀. Lọ́dún kan náà, Dan Rosenberg fi hàn pé Econet ní irú ibẹ̀. Econet kan Britain gan-an. Ilé-iṣẹ́ Acorn ní Cambridge ló ṣe é láti so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ra láyé BBC Micro, ẹ̀rọ tó jáde ní 1981 tó sì gba ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ilẹ̀ yìí. Àwọn òbí tàbí ẹ̀gbọ́n tó lọ sílé-ẹ̀kọ́ ní London nígbà náà lè rántí rẹ̀, pẹ̀lú bọ́tìnì pupa tó tò sókè kíbọ́ọ̀dù rẹ̀.

Ta ló ṣì ń lo Econet ní 2010? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Síbẹ̀ kóòdù rẹ̀ wà nínú Linux, àwọn tó ń pín Linux fún aráyé ṣì ń kó o mọ́ ọn, ẹnikẹ́ni tó bá sì ti ní àyè lórí ẹ̀rọ lè mú kí kernel gbé e wọlé. Ihò èédú nìyẹn. Wọ́n tún àléébù do_exit ṣe kíákíá. Econet fúnra rẹ̀ jáde kúrò nínú Linux ní 2012.

set_fs kò jáde nígbà náà. Ó ti tàn káàkiri jù. Kí a tó lè yọ ọ́, gbogbo ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà mìíràn tí wọn yóò máa gbà, ibì kọ̀ọ̀kan sì ní ìṣòro tirẹ̀. Christoph Hellwig ló fọwọ́ mú iṣẹ́ náà jù. Nígbà tí Linux 5.10 jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, x86 ti bọ́ lọ́wọ́ set_fs. Arnd Bergmann ló ṣe èyí tó pọ̀ nínú ìyókù, Linux 5.18 tó jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 sì yọ ọ́ lára gbogbo ẹ̀rọ tó kù. Láti ìgbà tí ayé ti mọ̀ pé ògiri yìí lanu títí di ìgbà tí wọ́n fi dí i, ọdún méjìlá ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá bi mí pé èwo ló yẹ kó kọ́kọ́ kà nípa ìpalẹ̀mọ́ kernel, ìtàn set_fs ni màá ní kó kà, torí ó fi hàn pé ohun tí a fi ọjọ́ kan gbé wọlé lè gba ọ̀pọ̀ ọdún láti gbé jáde.

Ṣíṣí gbogbo ilé nítorí ìṣó kan

Linux ní ohun èlò kan tó ń jẹ́ ftrace, tó ń jẹ́ kí a rí function tó ń ṣiṣẹ́ àti ìgbà tó ń ṣiṣẹ́. Láti tàn án, kernel máa ń yí díẹ̀ padà lára àṣẹ ara rẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ. Àṣẹ kernel sì jẹ́ ibi kíkà nìkan. Báwo ni wọ́n ṣe wá ń ṣe é? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, lórí x86, wọ́n ń pe set_kernel_text_rw, tó ń ṣí gbogbo kóòdù kernel fún kíkọ; wọ́n á yí ohun tí wọ́n fẹ́ yí padà, wọ́n á wá pe set_kernel_text_ro kó tún tì í. Àwọn module, ìyẹn apá kernel tí a lè gbé wọlé lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti tàn, ní tiwọn: set_all_modules_text_rw àti set_all_modules_text_ro. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ kan ìṣó kan mọ́ ògiri yàrá, tó wá ṣí gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé ilé títí tó fi kàn án tán.

Ọ̀nà tó dára jù wá ní 2019. Ojú-ìwé kan náà nínú ìrántí lè ní àdírẹ́sì méjì, bí ilé tó ní ẹnu-ọ̀nà ní òpópónà méjì. Nadav Amit ṣètò kí kernel ya àdírẹ́sì ìgbà díẹ̀ kan fún ojú-ìwé tó fẹ́ tún ṣe. Láti àdírẹ́sì yẹn nìkan ni a ti lè kọ nǹkan sí i, ọpọlọ ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ń ṣe iṣẹ́ náà ló sì ń lò ó. Bí iṣẹ́ bá parí, àdírẹ́sì náà á parẹ́. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹni tó bá gba ẹnu-ọ̀nà tí a mọ̀ á bá a ní títì.

Peter Zijlstra wá gbé ftrace ti x86 sórí ọ̀nà tuntun yìí. Bó ti ṣe bẹ́ẹ̀ tán, kò ku ẹnikẹ́ni tó ń pe set_kernel_text_rw. Ó yọ ọ́. Láàárín 2019 sí 2020 náà ni wọ́n palẹ̀ set_all_modules_text_rw àti èkejì rẹ̀ mọ́. Ẹ kíyè sí bó ṣe tò: ọ̀nà tuntun ló kọ́kọ́ dé, àwọn tó ń lo ti àtijọ́ kó lọ síbẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó yọ ti àtijọ́.

Orúkọ méjì fún iṣẹ́ kan

Àwọn ìpalẹ̀mọ́ kan kò ní ìtàn púpọ̀. Ní 2019 bákan náà, Hellwig yọ set_pages_x àti set_pages_nx kúrò lára x86. Kò sí iṣẹ́ kankan tí wọ́n ń ṣe ju pé kí wọ́n ránṣẹ́ sí set_memory_x àti set_memory_nx lọ, nítorí náà ẹni tó ń pè wọ́n lè pe àwọn yẹn tààrà. Ó yọ àwọn kan pẹ̀lú nínú ìdílé set_memory_array tí kò ní olùlò. Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú ohun tó ṣe ni pé ó gba set_memory_x àti set_memory_nx lọ́wọ́ àwọn module. Àwọn function méjèèjì ṣì wà nínú kernel x86, ṣùgbọ́n module kò lè pè wọ́n mọ́, torí kò sí module kankan nínú Linux tó ń lò wọ́n, kò sì sí ìdí tó fi yẹ kí ọ̀kan lò wọ́n. Gbígba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò nílò rẹ̀ jẹ́ ìpalẹ̀mọ́, bí a kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn.

Orúkọ náà máa ń nílò ìpalẹ̀mọ́. Fún ọdún pípẹ́, ètò tó ń sọ kóòdù kernel di ibi kíkà nìkan ń jẹ́ DEBUG_RODATA, bí ẹni pé ohun tí a fi ń wá àṣìṣe lásán ni. Ẹni tó bá rí orúkọ yẹn lè pa á láìronú. Ní 2016, Kees Cook sọ ọ́ di dandan lórí x86, kò sì sí ẹni tó lè pa á mọ́ níbẹ̀ nígbà tí ó bá ń kọ́ kernel tirẹ̀. Ní 2017, Laura Abbott yí orúkọ rẹ̀ padà sí STRICT_KERNEL_RWX. Orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ.

set_memory_rox

Kí kóòdù tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú kernel, ohun méjì ni a gbọ́dọ̀ ṣe sí ojú-ìwé rẹ̀: ká fi set_memory_ro gba ìyọ̀ǹda kíkọ, ká sì fi set_memory_x fún un ní ìyọ̀ǹda láti ṣiṣẹ́. Ìlà méjì yìí wà níbi púpọ̀ nínú Linux, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, lẹ́tà kan náà. Ẹni tó bá ṣèèṣì yí wọn padà, tó pe x kó tó pe ro, á dá àkókò kékeré kan sílẹ̀ tí ojú-ìwé náà ṣeé kọ, tó sì ṣeé mú ṣe. Òfin W^X ti wó nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá tí kò pé. Bákan náà, gbogbo ìgbà tí ìyọ̀ǹda bá yí padà, a gbọ́dọ̀ sọ fún gbogbo ọpọlọ ẹ̀rọ pé kí wọ́n gbàgbé ohun tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ nípa ojú-ìwé náà. Ìkéde méjì fún ọ̀rọ̀ kan.

Ní 2022, Zijlstra so méjèèjì pọ̀ di set_memory_rox, ó sì jáde nínú Linux 6.2 ní oṣù Kejì ọdún 2023. Lórí x86, bíìtì méjèèjì ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí àkókò kankan láàárín wọn. Níbi tí ẹ̀rọ kan kò bá ní tirẹ̀, set_memory_rox á kàn pe ro, á wá pe x, ṣùgbọ́n ó dájú pé bí wọ́n ṣe yẹ kó tò ni wọ́n tò, torí ibì kan ṣoṣo ni a kọ ọ́ sí.

Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n gbìyànjú kí kernel x86 máa kọ̀ pátápátá bí ẹnikẹ́ni bá ní kó ṣe ojú-ìwé tó ṣeé kọ tó sì ṣeé mú ṣe. Kò pẹ́ tó fi hàn pé àwọn kan nínú ilé ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Dave Hansen sọ ìkọ̀sílẹ̀ náà di ìkìlọ̀ títí wọn yóò fi rí tiwọn tún ṣe. Èmi gbà pé ó tọ̀nà. A kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ṣì wà nínú yàrá.

Èsì tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́

set_memory_ro máa ń dá èsì padà. Òdo túmọ̀ sí pé ó ti ṣe é. Nọ́ńbà mìíràn túmọ̀ sí pé kò ṣeé ṣe. Ó lè má ṣeé ṣe lóòótọ́: nígbà mìíràn kernel gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gé ojú-ìwé ńlá sí kéékèèké, iṣẹ́ yẹn sì nílò ìrántí tó lè má sí nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi nínú kóòdù ló ń pè é tí kò sì wo èsì rẹ̀. Wọ́n rò pé ilẹ̀kùn ti tì nítorí pé wọ́n ti yí kọ́kọ́rọ́.

Christophe Leroy fọwọ́ kan èyí ní 2024 nínú BPF, ìyẹn apá tó ń gba ètò kékeré lọ́wọ́ ènìyàn tó sì ń mú un ṣiṣẹ́ nínú kernel. Láti ìgbà náà, bí kernel kò bá rí ojú-ìwé ètò náà tì, kò ní gba ètò náà wọlé. Tẹ́lẹ̀, á gbà á, á mú un ṣe, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ojú-ìwé rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí.

Bí Màmá àgbà bá béèrè

Ọ̀pọ̀ yín lè ṣàlàyé gbogbo èyí ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n bí ìyá tó bí ìyá yín bá béèrè iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, ẹ ó ní "kọ̀ǹpútà ni, Mà", ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ẹ wo bí ọmọ kan láti East Dulwich ṣe lè dá Màmá àgbà rẹ̀ ní Peckham lóhùn lọ́jọ́ Sátidé.

Ọmọ: Ẹ kú ilé o, Mà.

Màmá àgbà: Ìwọ nìyẹn? Káàbọ̀, ọkọ mi. Iṣẹ́ ńkọ́?

Ọmọ: A dúpẹ́, Mà. Ẹ̀yin náà ńkọ́?

Màmá àgbà: Mo wà. Kí lo tiẹ̀ ń ṣe níbi iṣẹ́ yẹn gan-an? Bàbá ẹ ní o ń tún kọ̀ǹpútà ṣe.

Ọmọ: Rárá, Mà. Ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà là ń palẹ̀ mọ́. Ilẹ̀kùn inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Àwọn kan wà tí ẹnikẹ́ni ò gbà kọjá mọ́. A ń dí wọn pa kí olè má baà gba ibẹ̀ wọlé.

Màmá àgbà: Ta ló la ilẹ̀kùn tí ò wúlò síbẹ̀?

Ọmọ: Ó wúlò nígbà tí wọ́n là á, Mà. Iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ là á ló ti tán.

Màmá àgbà: Bí ẹnìkan bá ṣì ń gba ibẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀ ńkọ́?

Ọmọ: Ohun tó ń jẹ́ kó pẹ́ nìyẹn, Mà. A ní láti wá gbogbo ẹni tó ń gba ibẹ̀ kàn, ká fi ọ̀nà mìíràn hàn wọ́n, ká tó dí i.

Màmá àgbà: Ẹn, ó yé mi wàyí. Jókòó, oúnjẹ wà ní kíṣìnnì.

Màmá àgbà ń pe ọmọ ọmọ rẹ̀ ní "ọkọ mi" láti fi ìfẹ́ hàn. Obìnrin àgbà lè pe ọkùnrin tàbí obìnrin bẹ́ẹ̀ nínú ìdílé. Ọmọ ń lo "ẹ" fún un, òun ń lo "o" fún ọmọ, "Mà" sì ń tẹ̀ lé ìdáhùn ọmọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà.

Ẹ má fi "tì" àti "dí" ṣe ọ̀kan. Ilẹ̀kùn tí a tì ṣì ní kọ́kọ́rọ́, a lè ṣí i lọ́la: iṣẹ́ set_memory_ro nìyẹn. Ilẹ̀kùn tí a dí, a ti fi bíríkì kọ́ ọ pa: ohun tó ṣẹlẹ̀ sí set_fs nìyẹn. "La" ni a ń lò fún ọ̀nà tàbí ilẹ̀kùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá sílẹ̀ níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀, "ṣí" sì ni fún èyí tó ti wà. Kóòdù tí a yọ kúrò pátápátá, a ti pa á rẹ́. Èyí tí a gbà lọ́wọ́ àwọn module nìkan ṣì wà níbẹ̀, a kàn gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni.